Ìdánwò Abẹ́rẹ́ Àtọ̀gbẹ fún Àwọn Tí Oògùn Olóró Ti Di Bárakú Fún

Oògùn mẹ́ta péré ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìtọ́jú ẹni tí heroin, fentanyl àti àwọn mìíràn tó bá wọn tan ti di bárakú fún. Methadone ni àgbà wọn. Láti ọdún 1965 ni Vincent Dole àti Marie Nyswander ti fi hàn nílùú New York pé ẹni tó bá ń mu ún lójoojúmọ́ lábẹ́ àmójútó lè kúrò lójú pópó, kó padà sẹ́nu iṣẹ́, kó sì máa bá àwọn ẹbí rẹ̀ gbé. Buprenorphine tẹ̀ lé e ní 2002. Naltrexone ni ẹ̀kẹta, èyí tó máa ń dí ojú ibi tí oògùn olóró fẹ́ so mọ́ nínú ọpọlọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún yín pé àwọn oògùn wọ̀nyí kò wúlò. Ẹni tó bá dúró ti methadone tàbí buprenorphine, ewu ikú rẹ̀ máa ń dín kù tó nǹkan bí ìdajì. Ibi tí wàhálà wà ni pé ọ̀pọ̀ kì í dúró. Kí ọdún tó yípo, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ti jáwọ́. Àwọn kan ń sá fún ojú ayé, àwọn kan kò lè máa lọ tò sílé ìwòsàn láràárọ̀ nítorí ìwọ̀n methadone ọjọ́ kan, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ìtọ́jú náà tó, ìyánhànhàn fún èyí tó ń pa wọ́n kò tán nínú wọn.

Ìjáwọ́ yìí ló ń pani. Fentanyl lágbára ju morphine lọ ní ìlọ́po 50 sí 100, ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan lójú ló sì ń dá èémí dúró. Ní ọdún 2022 nìkan, àwọn tí àlòjù oògùn pa ní Amẹ́ríkà lé ní 107,000. Nínú wọn, àwọn tó ju 81,000 lọ ló jẹ́ pé oògùn ìran morphine yìí wà nínú ohun tó pa wọ́n. Iye náà ti ń wálẹ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí, ọpẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìlú tó ń sin ọ̀kẹ́ mélòó kan ènìyàn lọ́dọọdún kò tíì bọ́. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń wá ohun kan tí wọ́n lè fi kún oògùn mẹ́ta yẹn, ohun tó máa bá ìyánhànhàn náà jà. Ibi tí wọ́n ti rí ohun tí wọ́n ń dán wò báyìí, kò sẹ́ni tó fojú sí i tẹ́lẹ̀: abẹ́rẹ́ tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún, tí àwọn tó fẹ́ kí ara wọn fọn sì ń gún pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ozempic.

Kí a tó dé ibi ìdánwò, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Bí oúnjẹ bá ti dénú ìfun wa, ìfun máa ń tú họ́mónù kan sínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní GLP-1. Iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ó ń mú kí ara pèsè ínsúlínì, ó ń mú kí oúnjẹ rọra fi àpòlúkù sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé a ti yó. Kò ju ìṣẹ́jú kan sí méjì lọ tí ara fi ń fọ́ ọ dànù. Nítorí náà, bí ènìyàn bá tilẹ̀ ṣe irú rẹ̀ gún sínú ara, kò ní pẹ́ tó láti wo ẹnikẹ́ni sàn.

Dókítà kan tó ń jẹ́ John Eng, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì ní Bronx, nílùú New York, ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ó ń yẹ oró àwọn ẹranko wò láti mọ àwọn họ́mónù tó wà nínú wọn. Nínú itọ́ aláńgbá olóró kan tó ń gbé ní aṣálẹ̀ ìwọ̀-oòrùn gúúsù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní Gila monster, ni ó ti rí èròjà kan tó fara jọ GLP-1, àmọ́ tí kì í tètè fọ́. Ó tẹ ìwádìí náà jáde ní 1992. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe exenatide, tí wọ́n fọwọ́ sí fún àtọ̀gbẹ ní 2005. Liraglutide tẹ̀ lé e ní 2010, òun ni wọ́n ń gún lójoojúmọ́. Semaglutide, ìyẹn Ozempic, dé ní 2017, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni tirẹ̀, òun náà ni wọ́n sì tún fọwọ́ sí ní 2021 fún àwọn tí ara wọn sanra jù.

Bí àwọn tó ń lò ó ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń mú ìròyìn kan lọ fún àwọn dókítà wọn, èyí tí kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ẹni tó gún un nítorí àtọ̀gbẹ á ní ọtí bíà kò wu òun mọ́ nírọ̀lẹ́. Ẹlòmíràn á ní òun kò rántí sìgá láti àárọ̀. Lójú àwọn tó mọ̀ nípa ọpọlọ, ọ̀rọ̀ yìí kò dà bí àlá. Ibi tí GLP-1 máa ń so mọ́ kì í ṣe inú ìfun nìkan. Ó wà ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ lọ́wọ́ ẹ̀yìn, níbi tí ọpọlọ ti ń gba ìròyìn láti inú ikùn, ó sì wà ní àwọn ibi tí ń tú dópámìnì sílẹ̀ nígbà tí ohun tó dùn mọ́ wa bá ń bọ̀. Ọpọlọ kò ní ibì kan fún àmàlà, kó tún ní ibòmíràn fún heroin. Ibì kan náà tó ń mú kí ebi lé wa dé ìdí ìkòkò ni oògùn olóró ń gbà, tó sì ń sọ di tirẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ kan bá lè pẹ̀tù sí ìyánhànhàn fún oúnjẹ níbẹ̀, ó tọ́ kí a béèrè bóyá ó lè pẹ̀tù sí èkejì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Patricia Grigson, tí wọ́n mọ̀ sí Sue, ti ń tọ ọ̀nà yìí láti ọjọ́ pípẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Penn State, nílùú Hershey ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Eku ló ń lò. Bí ìdánwò rẹ̀ ṣe rí wú mi lórí, n ó sì rọra ṣàlàyé rẹ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi rọ́bà tín-ín-rín kan sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ eku. Láràárọ̀, fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á na ẹnu ọ̀pá omi kan wọ inú àgò rẹ̀. Omi tí wọ́n fi saccharin mú dùn ló wà nínú rẹ̀, eku sì fẹ́ràn ohun dídùn bí àwa náà ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yọ omi dídùn kúrò, wọ́n á na ẹnu ọ̀pá mìíràn wọlé tí kò ní omi kankan nínú. Bí eku bá lá ọ̀pá òfìfo yìí dé iye tí wọ́n dá, heroin díẹ̀ á gba inú rọ́bà wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Eku tètè ń kọ́ èyí. Ohun tó yani lẹ́nu ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí omi dídùn bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Àwọn eku kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ ọ́. Ó wà níwájú wọn, wọn kò fẹnu kàn án, nítorí wọ́n ti mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn nìkan ni wọ́n sì ń dúró dè. Àwọn eku tó kọ ohun dídùn jù lọ náà ló sì ń gba heroin jù lọ. Gbogbo eku kọ́ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n á lá omi wọn, tí wọ́n á gba heroin níwọ̀nba, tí kò sì gba ayé wọn. Ẹni tó bá ti bá ọmọ ìyá rẹ̀ tí nǹkan yìí dì mú gbé ilé á mọ ohun tí eku yìí ń fi hàn: oúnjẹ tó máa ń pè ní ààyò rẹ̀ á wà nílẹ̀ títí tí yóò fi tutù.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á gba heroin lọ́wọ́ àwọn eku náà fún ọjọ́ púpọ̀. Kò sí ohun tí ọ̀pá òfìfo ń mú wá mọ́. Nígbà tó bá tó àkókò, wọ́n á dán wọn wò. Wọ́n á gbé omi dídùn àtijọ́ wá, èyí tó ń rán eku létí heroin, wọn á sì máa ka iye ìgbà tó sáré lọ lá ọ̀pá òfìfo. Tàbí kí wọ́n fún un ní heroin kékeré kan, kí wọ́n wò ó bóyá yóò tún fẹ́ sí i. Ọ̀nà méjì yìí náà ló ń dá ènìyàn padà sídìí oògùn. Ó lè kọjá níbi tó ti máa ń rà á, ó sì lè tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré. Àwọn eku tí wọ́n ti fún ní exendin-4, èròjà ti ara aláńgbá yẹn, tàbí liraglutide, kò sáré lọ sídìí ọ̀pá òfìfo tó àwọn tí wọn kò fún ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n lo fentanyl dípò heroin, ohun kan náà ni wọ́n rí.

Nílùú Philadelphia, àwọn ikọ̀ Heath Schmidt ní Yunifásítì Pennsylvania fi oxycodone, oògùn apàrora tí dókítà máa ń kọ fún aláìsàn, dán irú èyí wò. Àwọn eku tó gba exendin-4 kò wá oxycodone mọ́ tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ oxycodone ṣì ń pa ìrora wọn. Èyí ṣe pàtàkì, torí pé ẹni tí bárakú ń bá jà lè ní àrùn jẹjẹrẹ, ó sì lè fara pa nínú ìjàm̀bá ọkọ̀. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n oògùn tó bá máa gba ìtura lọ́wọ́ ẹni tí ara ń ro kò ní dùn mọ́ mi nínú. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé gbogbo ìwádìí kọ́ ló fẹnu kò. Àwọn kan fi èkúté dán oògùn ìran GLP-1 wò ní Denmark, wọ́n tẹ èsì wọn jáde ní 2019, wọn kò sì rí i pé ó dín ìfẹ́ tí àwọn èkúté náà ní sí oògùn olóró kù. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni sọ ìtàn abẹ́rẹ́ yìí kó má dárúkọ ìwádìí wọn.

Láàárín eku àti ènìyàn, ọ̀nà kan wà tó yá jù: kí ènìyàn ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn. Ní 2024, Fares Qeadan láti Yunifásítì Loyola ní Chicago àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àkọsílẹ̀ àwọn tó ju 500,000 lọ wò, tí wọ́n ti ní ìṣòro bárakú oògùn ìran morphine rí. Nínú wọn, 8,103 ló ti gba oògùn ìran Ozempic fún àìsàn mìíràn. Àlòjù oògùn láàárín àwọn wọ̀nyí fi ìdá 40 nínú 100 kéré sí ti àwọn yòókù. Ìròyìn náà tàn káàkiri, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì kà á bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Kò tíì parí. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ta ni ẹni tó ń gba Ozempic ní Amẹ́ríkà. Oògùn náà wọ́n: ní 2024, iye owó tí wọ́n kọ sí i lára ń lọ sí bí 1,000 dọ́là lóṣù. Ẹni tó rí i gbà ní láti ní owó adójútòfò tó gbà láti san án. Ó ní dókítà tó mọ orúkọ rẹ̀, ó ń lọ sí ilé ìwòsàn déédéé, ó rí ibi tútù tó lè tọ́jú abẹ́rẹ́ sí, ó sì ń rántí ọjọ́ tó yẹ kó gún un. Ẹni tó ń sùn sábẹ́ afárá pẹ̀lú fentanyl nínú àpò kò sí nínú 8,103 yẹn, tàbí bó bá wà, kò pọ̀. Bí a bá rí i pé àwọn ọmọ tó ń wọ bàtà aláwọ lọ sílé ìwé ló ń yege jù, a kò ní sọ pé bàtà ló kọ́ wọn níwèé. Àwọn olùwádìí náà mọ èyí, wọ́n sì sapá láti fi ìṣirò yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìṣirò kò lè ṣe nǹkan kan sí ohun tí wọn kò kọ sínú ìwé.

Nítorí ìdí yìí ni a kò fi lè yẹ ìdánwò gidi sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe ń lọ́ra tó. Àwọn ikọ̀ Penn State ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú Caron, nílùú Wernersville. Ogún ènìyàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló ń gbé inú ilé ìtọ́jú náà. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti mọ ẹni tí yóò gba liraglutide àti ẹni tí yóò gba abẹ́rẹ́ tó jọ ọ́, tí kò ní oògùn kankan nínú. Aláìsàn kò mọ èyí tó kàn án. Nọ́ọ̀sì tó ń gún un kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú, nítorí ojú nọ́ọ̀sì lè sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ. Ní àkókò tó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń fi fóònù bi wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà lóòjọ́ pé báwo ni ìyánhànhàn náà ṣe rí ní wákàtí yìí. Ọ̀nà yìí dára gan-an, torí pé ẹni tí ìyánhànhàn bá mú láago mẹ́ta ọ̀sán lè ti gbàgbé bó ṣe lágbára tó nígbà tí dókítà bá rí i lọ́jọ́ Ẹtì.

Nígbà tí wọ́n kéde èsì rẹ̀ níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nílùú Denver, ní oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n ní ìyánhànhàn àwọn tó gba liraglutide fi nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 lọ sílẹ̀ ju ti àwọn yòókù. Ó tó ohun ìdùnnú. Síbẹ̀, ogún ènìyàn ni. Nínú ogún, bí ẹni mẹ́ta bá kó ẹrù wọn kúrò nílé ìtọ́jú kí àkókò tó pé, èsì lè yí padà. Ohun mìíràn tún wà: ilé tí wọn kì í gbé oògùn olóró wọ̀ ni wọ́n ń gbé. Ìyánhànhàn tó rọlẹ̀ nínú ọgbà tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ kò tíì fojú kan ẹni tó ń tà á ní òpópónà.

Ìdánwò tó tẹ̀ lé e ló wá gbé ọ̀rọ̀ náà jáde sí gbangba. Nǹkan bí 200 ènìyàn ni wọ́n ń wá fún un, wọn kò gbé inú ilé ìtọ́jú, ilé wọn ni wọ́n ti ń wá. Semaglutide ni wọ́n ń lò báyìí, nítorí abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ rọrùn fún ẹni tí ayé rẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀. Gbogbo àwọn tó wọlé ti wà lórí methadone tàbí buprenorphine tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tí wọ́n ní kó fi methadone rẹ̀ sílẹ̀ wá gba Ozempic. Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìwà ìkà ni, nítorí oògùn tó ti gba ẹ̀mí là ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó lè kú. Nítorí náà ohun tí wọ́n ń béèrè kéré, ó sì ṣe kedere: bí a bá fi semaglutide kún oògùn àtijọ́, ṣé yóò ju oògùn àtijọ́ nìkan lọ?

Bí wọ́n ṣe ń mọ ìdáhùn gba sùúrù. A kì í gún semaglutide ní ìwọ̀n kíkún lọ́jọ́ kìíní. 0.25 mílígíráàmù lọ́sẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni aláìsàn máa ń wà níbẹ̀ kó tó gòkè sí 0.5, torí pé ẹni tó bá sáré gùn ún á máa bì. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó, àyẹ̀wò ìtọ̀ ló ń fi hàn bóyá heroin tàbí fentanyl ṣì wà nínú ara. Wọ́n tún ń ṣọ́ ẹni tó ṣì ń wá sílé ìwòsàn àti ẹni tí a kò rí mọ́. Lójú tèmi, èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀. Ẹni tó ṣì ń wá, bó tilẹ̀ lo oògùn lánàá, ṣì wà láàyè, a ṣì lè tọ́jú rẹ̀.

Ìṣòro kan wà nínú irú ìdánwò yìí tí kèké kò lè yanjú. Ẹni tó gba semaglutide yóò máa fọn, inú lè máa rìn ín, oúnjẹ kò ní wù ú. Láàárín oṣù kan, ó ti lè fura pé oògùn gidi ni òun ń gbà, ìrètí tó bá sì wọlé sí i lára lè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tí ṣòkòtò rẹ̀ kò tú, òun náà lè fura, kó sì rẹ̀ ẹ́. Àwọn olùwádìí máa ń bi àwọn aláìsàn lópin ìdánwò pé èwo ni wọ́n rò pé wọ́n gbà, kí wọ́n lè mọ ibi tí àṣírí náà ti tú dé.

Ewu tún wà tó ju ìyẹn lọ. Oògùn olóró ìran morphine máa ń mú kí ìgbẹ́ gan, semaglutide náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, methadone náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Èébì àti inú rírìn tí abẹ́rẹ́ yìí ń fà fara jọ ìyà tó ń jẹ ènìyàn nígbà tí heroin bá ń kúrò lára rẹ̀. Ẹni tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí lè ṣì í mú, kó sáré lọ wá ohun tó mọ̀ pé yóò dá a dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tí bárakú dì mú kò sanra rárá. Ebi ti jẹ wọ́n lára. Kí a tún wá gún ohun tó ń gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tí egungun rẹ̀ ti yọ, ó yẹ kó kó dókítà láyà sókè. Ó ti ṣẹlẹ̀ ní Denmark pé ìdánwò exenatide tí wọ́n ṣe fún 127 ènìyàn tí ọtí ti di bárakú fún, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022, kò fi ìyàtọ̀ hàn lápapọ̀. Àwọn tó sanra gan-an ló dín ọtí kù. Ní ti àwọn tí kò sanra, ṣe ni ọjọ́ tí wọ́n ń mutí yó tilẹ̀ pọ̀ sí i. Lóòótọ́, ìdánwò kékeré mìíràn tó lo semaglutide fún 48 ènìyàn, tó jáde ní 2025, rí i pé ìyánhànhàn fún ọtí dín kù. Ẹ̀rí méjèèjì ni a ní láti dì mú pọ̀.

Ewu tó ń bà mí lẹ́rù jù kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn. Ara ẹni tó ń lo heroin lójoojúmọ́ ti mọ́ ọn lára, ìwọ̀n tí ì bá pa ẹlòmíràn kò ní pa á. Bí abẹ́rẹ́ yìí bá mú kó fi í sílẹ̀ fún oṣù méjì, ara rẹ̀ á padà sí ti ẹni tí kò lò ó rí. Wàyí o, kí owó abẹ́rẹ́ tán, tàbí kí ilé ìwòsàn tì, kí ìyánhànhàn padà dé, kó lọ lo iye tó ń lò tẹ́lẹ̀. Èémí rẹ̀ lè dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe irú ìdánwò yìí fi gbọ́dọ̀ fún aláìsàn àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní naloxone, oògùn fífín sí imú tó ń jí ẹni tí àlòjù oògùn ti fẹ́ pa, kí wọ́n sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Kí wọ́n tún mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn aláìsàn wọ̀nyí lọ́jọ́ tí ìdánwò bá parí tí abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ sì dáwọ́ dúró.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Nínú ìwádìí lórí lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà tí wọ́n ṣe fún ọdún 2018, 4.6 mílíọ̀nù ènìyàn ni wọ́n ṣírò pé wọ́n lo oògùn ìran morphine láì jẹ́ pé dókítà kọ ọ́ fún wọn láàárín ọdún kan. Heroin kọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀, tramadol ni. Àwọn kan sì ń mu oògùn ikọ́ tó ní codeine nínú. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn ló léwájú gbogbo ẹkùn tó kù nínú lílo oògùn olóró lápapọ̀. Ọdún 2018 yẹn náà ni ìjọba fòfin de ṣíṣe àti kíkó oògùn ikọ́ oní-codeine wọlé. Àwọn awakọ̀, àwọn alágbàṣe tó ń gbé búlọ́ọ̀kù, àwọn ọmọ wa nílé ẹ̀kọ́ gíga wà lára àwọn tí tramadol ti dì mú. Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ nítorí àtiṣe iṣẹ́ kó má rẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí irú ìròyìn abẹ́rẹ́ yìí bá dé ọ̀dọ̀ ìyá tó ń ta ẹrù rẹ̀ láti fi tọ́jú ọmọ, ó lè rò pé kí òun lọ rà á lọ́jà. Kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ nípa ayédèrú semaglutide tí wọ́n rí ní Brazil, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà. Bí ayédèrú bá lè wọ inú ọjà àwọn orílẹ̀-èdè wọ̀nyí, kí ni yóò dí i lọ́nà ní ọjà tiwa? Semaglutide tòótọ́ pàápàá gbọ́dọ̀ wà nínú fìríìjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, níbi tí iná mànàmáná ti ń ṣe bó ṣe wù ú.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá yẹn mọ̀ ni pé kò dìgbà tí abẹ́rẹ́ tuntun bá dé kí ìtọ́jú tó wà. Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta ní ẹ̀ka tó dá dúró fún àwọn tí oògùn ti di bárakú fún, láti àwọn ọdún 1980 ló sì ti wà. Ìtọ́jú ni ọmọ náà nílò, kì í ṣe pàṣán, kì í sì í ṣe ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ní àgbàlá àwọn tó ń pe àìsàn ní ẹ̀mí èṣù.

Ní ti àwọn tó ń ṣètò ìlera wa, bí ìdánwò Amẹ́ríkà bá yọrí sí rere lọ́la, ẹ̀rí náà á wà fún heroin àti fentanyl, a ó sì ní láti dán an wò fún tramadol fúnra wa, lára àwọn tiwa, tí ọ̀pọ̀ wọn kò sanra. Kò sí bí a ṣe lè bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta bí kò bá sí oògùn àtijọ́ tí a máa fi semaglutide kún. Methadone àti buprenorphine ṣòro gan-an láti rí ní Nàìjíríà lónìí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti wà, iye owó wọn kò tó ti Ozempic rárá, wọ́n sì wà lórí ìwé oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé láti 2005. Àwọn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ìjọba, kí a sì béèrè wọn nísinsìnyí, kí ẹni tí tramadol dì mú ní Mushin má baà dúró de èsì Pennsylvania.